Ẹni Tó Bá Béèrè, Kó Dúró Gbọ́

Calgary, Kánádà
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ara wa yá níbí, òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Níkẹ́ ìyàwó yín ní òun kúnlẹ̀.

Péjú ní ẹ ti búra pé ẹ ò ní gbé fóònù mi mọ́, pé gbogbo ìgbà ni mo ń sọ pé "ẹ jẹ́ n pè yín padà" tí n kì í sì í pè. Ó ní bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù òun, òun á kà á fún yín. Ó dáa. Mo ti jókòó, mo ti ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́olúwa ni. Ọmọ ọmọ yín ti pé ọdún mẹ́rin, kò sì sọ Yorùbá. Ó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi Yorùbá pè é, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn. A wá gbé áàpù kan sórí tábúlẹ́tì rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé tó ń kọ́ èdè. Yóò fi àwòrán nǹkan hàn án, yóò pe orúkọ rẹ̀, ọmọ yóò pè é tẹ̀lé e. Bó bá pè é re, ìràwọ̀ á já bọ́, ẹyẹ kékeré kan á jó. Ó fẹ́ràn ẹyẹ náà gan-an.

Ibì kan wà nínú áàpù yìí tí ẹbí lè gba ohùn ara wọn sí, kí ọmọ máa tẹ̀ ẹ́ kó máa gbọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ jẹ́ kí Péjú gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ yín lẹ́nu, kí ẹ pe ilé, iṣu, iná, igi, omi, kí ẹ sì sọ "kú àárọ̀" kan tí yóò máa gbọ́ bó bá jí. Ẹ jọ̀wọ́, Yorùbá inú ìwé ni kí ẹ fi pè é o, kì í ṣe ti Orin-Èkìtì wa. Mi ò fẹ́ kó dàrú mọ́ ọn lójú.

Ọmọ yín,
Ọláníyì


Orin-Èkìtì
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025

Ọláníyì ọmọ mi,

Mo gbọ́ ìkíni rẹ. Kí ìyàwó wa. Kí ọmọ. Òjò kan ṣoṣo ló tíì rọ̀ níhìn-ín, a ti ń kọ ebè, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Péjú ọmọ àbúrò mi ló ń kọ ohun tí mo ń sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe ní Ìdó, kó fi í sílẹ̀ ní Ìdó.

Rárá. Ìdáhùn mi nìyẹn. Péjú ní kò dáa kó parí síbẹ̀, kí n ṣàlàyé. Ó dáa, máa kọ ọ́.

Èmi Afọlábí, ọmọ Ilésanmí àgbẹ̀, mi ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé rí. Ọkọ́ ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, òun ni mo sì dì mú títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí, mi ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Uṣu ni bàbá mi gbìn. Uṣu ni mo gbìn. Uṣu ni ìyá rẹ gún tí o jẹ tí ara rẹ fi le tó ẹni tó ń wọ bàálù. Lónìí o ní kí n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ nítorí ẹyẹ kan tó ń jó nínú dígí. Bí mo bá dúró létí ebè tí mo pè é ní iṣu, Bọ́ládé tí a jọ pààlà oko á bi mí bóyá mo fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀.

O tún ní ọmọ á máa tẹ̀ mí, èmi á máa sọ̀rọ̀. Ohùn mi kì í ṣe agogo. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ta ló kọ́ ìwọ lédè? Ẹ̀yìn ìyá rẹ lo wà tí o fi ń gbọ́ bó ṣe ń ná ata, bó ṣe ń bá mi jà, bó ṣe ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìràwọ̀ wo ló já lé ọ lórí? Bí o bá pe nǹkan ní àpèdà, a ó rín ọ rín, lọ́la o tún un pè. Ẹnu wà lára rẹ, ẹnu wà lára Níkẹ́. Ta ló dè yín lẹ́nu?

Péjú ní òun náà ń fi irú áàpù bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun, pé ó ń ran àwọn tó ń tijú lọ́wọ́. Mo ní kó kọ ìyẹn náà, kó má bàa sọ pé mo pa òun lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀ bá parí, ilé ni wọ́n ń lọ, wọ́n á bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ta ni tìrẹ ń bá nílé?

Mú un wá nígbà uṣu tuntun. Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí uṣu tó tán láká, á ti máa bú ewúrẹ́.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi sísàlẹ̀ kí Péjú tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, kí o má bàa rò pé ọ̀rọ̀ Péjú ni.

Bàbá rẹ,
Afọlábí Ilésanmí


Calgary
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí pẹ́. Inú ló ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí bàbá mi. Mo dúró kó rọ̀. Kò rọ̀.

Ẹ bi mí pé ta ló dè wá lẹ́nu. Iṣẹ́ ni. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde, bí mo bá dé, ọmọ ti sùn. Níkẹ́ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé àwọn àgbàlagbà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó bá wọlé, kì í fẹ́ sọ ohunkóhun. Ẹ ní ta ni ọmọ mi ń bá nílé. Àwa tó ti rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni kì í rẹ̀. Kí ẹ tó tún bú u, ẹ gbọ́ pé òun ló kọ́ Ọ̀rẹ́olúwa ní "omi". Ọjọ́ kan ló fa ṣòkòtò mi, ó ní, "Dádì, omi." Díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Ẹ ní kí n mú un wálé. Ìwé wa kò tíì jáde níbí. Bí a bá jáde báyìí, wọ́n lè má jẹ́ kí a wọlé mọ́. Mo ti sọ èyí fún yín rí.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Péjú fi fídíò àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí wa. A gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn, ẹ ń lé ewúrẹ́. Ọ̀rẹ́olúwa bi mí pé ta nìyẹn. Bàbá, ọmọ mi ò mọ ohùn yín! Ohun tí mo torí rẹ̀ bẹ̀ yín nìyẹn, ẹ sì ní rárá.

Kò burú. Ohùn bàbá àgbà kan ti wà nínú áàpù náà tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí oníròyìn orí rédíò. A ti yàn án. Òun ni Ọ̀rẹ́olúwa yóò máa pè ní Bàbá àgbà.

Ọláníyì


Orin-Èkìtì
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, ọdún 2025

Ọláníyì,

Ta ni yẹn? Ará ibo ni? Ta ni bàbá rẹ̀, kí ló ń gbìn? Èmi wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń gun òkè, o lọ gba bàbá àgbà fún ọmọ mi láti inú dígí! Yọ ọkùnrin yẹn kúrò. Kó padà sídìí rédíò rẹ̀.

Mo ti sọ̀rọ̀ sínú fóònù Péjú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Orí ebè ni mo dúró sí. Péjú ní igbe ẹyẹ ń wọ inú rẹ̀. Mo ní kó máa wọ̀ ọ́, ẹyẹ gidi nìyẹn, kì í gba ìràwọ̀ kó tó ké. Mo pe ulé. Mo pe uṣu, mo pe uná, mo pe ugi. Omi nìkan ni mo pè bí o ṣe fẹ́, nítorí omi la ti ń pè é kí wọ́n tó bí ọ.

Mi ò sọ kú àárọ̀. Oòrùn wà láàárín orí, èmi kì í sì í kí èèyàn ní ìkíni irọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo jí? Kí lo jẹ?"

Péjú fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù nù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ èsì."

Mo ní, "Báwo lèèyàn ṣe ń kí ọmọ tí kò ní bi í ní ohun tó jẹ? Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tó ń ké mẹ̀ẹ́ tó ń bá tirẹ̀ lọ?"

Ó ní kí n tún un sọ. Mo gbé ọkọ́ mi.

Bó ṣe wà nìyẹn. Fi í síbẹ̀ tàbí kí o fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ nípa oníròyìn yẹn mọ́.

Mo tẹ àtàǹpàkò. Mo tẹ̀ ẹ́ gan-an.

Bàbá rẹ


Calgary
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ìroko.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ọjọ́ tí mo fi ohùn yín sínú áàpù náà, Ọ̀rẹ́olúwa kò jẹ́ kí n gba tábúlẹ́tì lọ́wọ́ rẹ̀ títí oorun fi gbé e. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń pe ulé, uná, ugi bí ẹni tí wọ́n bí sí Orin. Áàpù náà kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán iṣu jáde, ó pariwo, "Uṣu!" Ìràwọ̀ kò já. Ó tún pariwo. Ẹyẹ náà mi orí. Ó da ojú tábúlẹ́tì dé, ó ní ẹyẹ náà kò gbọ́n. Mo rẹ́rìn-ín, mo rántí ẹnì kan.

Ibi tó ti bàjẹ́ rèé. Láràárọ̀ ló ń tẹ ìkíni yín. Ẹ ó bi í pé kí ló jẹ, yóò ní, "Mo jẹ búrẹ́dì." Níkẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Yóò tún tẹ̀ ẹ́, ẹ ó tún bi í pé kí ló jẹ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé eré ni. Ó wá ń pààrọ̀ èsì, ó ní ìrẹsì, ó ní ẹyin, ó ń wá èyí tí inú yín máa dùn sí. Lọ́jọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo gbọ́ tó ń kígbe "búrẹ́dì, búrẹ́dì" mọ́ tábúlẹ́tì. Ó gbé e lọ sábẹ́ tìmùtìmù, ó jókòó lé e. Ó sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Bàbá àgbà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òun.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ Yorùbá kankan mọ́. Kódà kò sọ "omi". Bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó ń mi orí bíi ti ẹyẹ yẹn.

Péjú sọ fún yín. Ó sọ fún yín, ẹ gbé ọkọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un sọ, kí ẹ yọ ìbéèrè kúrò. "Kú àárọ̀, ọmọ mi" nìkan ti tó.

Ọláníyì


Orin-Èkìtì
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2025

Ọláníyì,

Péjú ka lẹ́tà rẹ tán, mo ní kó tún un kà. Mi ò lọ sóko lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní yọ ìbéèrè kúrò. Ohùn mi ni kí o yọ. Pa á rẹ́, gbogbo rẹ̀, ulé àti uná àti ugi, kó má ku ẹyọ kan.

Ṣé o rántí ọdún tí Bọ́ládé sún ààlà wọ inú kòkó mi? O ti tó ọmọ ilé ìwé nígbà náà. Mi ò nà án, mi ò fẹjọ́ sùn. Láràárọ̀ tó bá ń kọjá, á ní, "Afọlábí, o jí re?" Èmi á máa wo ewé kòkó. Bí a ṣe ń bá ẹni tó ṣẹ̀ wá jà ní Orin nìyẹn: kó kí wa, ká má dá a lóhùn. Ó dùn ún ju àdá lọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, òun fúnra rẹ̀ ló wá hú ugi ààlà náà, tó rì í padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, tó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi títí mo fi dá a lóhùn.

Ohun tí mo ṣe fún Bọ́ládé tó jí ilẹ̀ mi, òun ni ẹ̀rọ yìí fi ohùn mi ṣe fún ọmọ mi tí kò jí nǹkan kan. Láràárọ̀!

O wá ń sọ fún mi pé ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ jù ọ́ lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó béèrè tí kò dúró gbọ́, ó ti kọ èèyàn sílẹ̀ ni. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Kò sí ìràwọ̀ kan nídìí rẹ̀.

Ó dáa, gbọ́ ohun tí a ó ṣe. Péjú ní bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́dọ̀ yín, oòrùn á ti yẹ̀ lórí wa. Ó fẹ́ fún mi ní fóònù rẹ̀ àtijọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé inú oko, ṣùgbọ́n ó ń dé orí àpáta ẹ̀yìn oko Bọ́ládé. Mo máa gùn ún. Sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ rẹ pé bàbá rẹ ní kí o máa pẹ́ díẹ̀ láràárọ̀. Bí ọmọ bá ti jí, pe nọ́ḿbà náà, gbé e fún un, kí o sì jáde kúrò nínú yàrá.

Mo búra pé mi ò ní gbé fóònù rẹ. Ìbúra mi dúró. Tọmọ ni mo máa gbé. Bí mo bá gbọ́ ikọ́ rẹ lórí rẹ̀, mo máa pa á. Má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan, èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè èsì, màá dúró.

Bàbá rẹ


Orin-Èkìtì
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 2025

Ọláníyì,

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán Péjú, pé kí n jẹ́ kó sinmi, pé ọmọ kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ta ló sọ fún ọ? Ìwọ ni ó ń rẹ̀.

Lóòótọ́, kò sọ̀rọ̀. Ó ń mí. Mò ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ a máa gbé fóònù sílẹ̀, òun kì í gbé e sílẹ̀ títí n ó fi ní ó dàbọ̀. Bọ́ládé náà ti bá mi gbọ́ ọ, ó ní ó ń mí bí ẹni tó ń ronú.

Mo ń kí i kú àárọ̀ báyìí. Oòrùn wà lórí wa bí ẹni gbé uná kalẹ̀, mo wà lórí àpáta, mo ń pariwo kú àárọ̀. Bọ́ládé ní, "Afọlábí, àárọ̀ wo? Ṣé orí rẹ ti ń dàrú ni?" Mo ní, "Àárọ̀ ọmọ mi." Má rò pé ẹ borí mi o. Mo ní èmi kì í kí èèyàn ní ìkíni irọ́, èyí kì í sì í ṣe irọ́. Ibi tí ẹni tí mò ń kí wà ni mo wò.

Mo ń bi í pé kí ló jẹ. Mo ń dúró. Kò dáhùn. Mo ń sọ ohun tí èmi jẹ fún un. Mo ń dúró. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Sọ pé búrẹ́dì, sọ pé búrẹ́dì." Ìwọ ni. Mo ní kí o jáde.

Lánàá mo wa uṣu tuntun. Mo sun ún lórí àpáta níbẹ̀, mo jẹ ẹ́ sí i létí. Mo kánjú, ó jó mi láhọ́n, mo kígbe, fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Mo wá gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Péjú ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀rín ni.

Má bá a sọ ọ́. Má yìn ín. Má fún un ní ìràwọ̀ kankan. Pe nọ́ḿbà náà lọ́la, kí o sì jáde.

Bàbá rẹ


Calgary
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025

Bàbá àgbà,

Dádì ló ń kọ ọ́. Èmi Ọ̀rẹ́olúwa ni mo ń sọ ọ́. Èyí tí mi ò mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń sọ ọ́, Dádì ń tú u. Dádì ní kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀. Ó tó.

Lánàá ẹ bi mí pé kí ni mo jẹ. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ sókè! Ṣùgbọ́n fóònù já. Ẹ ò gbọ́ ọ. Dádì ní kò burú, lọ́la n ó tún un sọ. Mo ní rárá. Mo ní kó kọ ọ́ báyìí báyìí.

Uṣu ni mo jẹ. Mọ́mì rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tutù. Kò jó mi láhọ́n. Dádì kọ iṣu. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ti pa á rẹ́.

Ẹyẹ inú tábúlẹ́tì kò mọ uṣu. Èmi ni mo ń kọ́ ọ. Ó ń mi orí. Mo rín in rín. Lọ́la ó tún un pè.

Mo fẹ́ bú ewúrẹ́ yín. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi. Jáàmù wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ jẹ?

Mò ń dúró.